Rédíò Tíṣà Oyèwùmí Tí Kò Ṣàìsàn

Àwọn tó ń ta dòdò létí títì Ìkirè ò lè gbàgbé ọjọ́ tí olóògbé Tíṣà Oyèwùmí pọn rédíò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n ọ́n, bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Wọ́n ní tí àwọn bá gbé e lé ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà, gálọ́ọ̀pù ojú títì á da inú rẹ̀ rú. Ni wọ́n bá fi ìró ìyàwó wọn gbé e mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀já dì í, ó di Àpòmù.

"Tíṣà, ẹ kú ewu ọmọ o!" onídòdò kan pariwo.

"Ara rẹ̀ ni ò yá," ni wọ́n dáhùn. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrù tó ń tún rédíò ṣe ní Àpòmù ni wọ́n ń gbé e lọ, ìgbà kẹfà láàárín oṣù méjì. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò: rédíò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mọ́nsúrù tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó tàn án, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé obìnrin tó ń lọ ata ní ṣọ́ọ̀bù kejì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sáré jáde wá wo àwọn tó ń jà.

"Ó ti sàn báyìí, àbí?" Mọ́nsúrù bi wọ́n.

"Díẹ̀. Ọ̀fìnkìn ṣì ń ṣe é."

Wọ́n á wá jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀. Wọ́n á máa sọ ìtàn ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wọn wò ní Ìkòyí tó sì sùn lọ ní kíláàsì. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá á sùn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá á ti máa hanrun, á sì ti já bọ́ lórí àga. Mọ́nsúrù á máa pariwo dá wọn lóhùn gbàràmù. Ọdún mẹ́tàlá tó ti ń bá ẹ̀rọ ìlọta du ọ̀rọ̀ sọ ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Nílé, Ràhmọ̀t ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá Khalid, iwájú yín ni mo wà o, mi ò sí ní Aṣéjìrè."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí Tíṣà bá ti padà dé Ìkirè, wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa ni Mọ́nsúrù, iṣẹ́ ni ò yé e." Wọ́n sì ti kọ́ ìdajì ìlú níwèé, Ìkirè yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Mọ́nsúrù ti ń wá! Báwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún Mọ́nsúrù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹnì kankan ò gbé iṣẹ́ wá.

"Ẹ sọ òótọ́ fún Bàbá," ni Ràhmọ̀t wí. "Etí wọn ni."

Ojú ń ti Mọ́nsúrù. Ta ló fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà tó gbéra ga tó Tíṣà? Ṣùgbọ́n ebi ò mọ ìtìjú. Nígbà tí Tíṣà tún gbé rédíò dé, ó sọ ọ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Rédíò yìí ò ṣàìsàn. Etí yín ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ó ti pẹ́. Nílé, ẹnu làwọn ọmọ mi kàn ń mì. Tí mo bá ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Ìwọ nìkan ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán. Tí mo bá wá ní rédíò ti sàn, kí ni n óò tún máa wá ṣe níbí?"

Omi lé ròrò sójú Mọ́nsúrù. "Ẹ bà mí lórúkọ jẹ́, Bàbá."

"Mo ti bà á jẹ́. N óò tún un ṣe."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Tíṣà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Rédíò mi le koko. Etí mi ló di. Mọ́nsúrù mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù mí lọ: èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin, ẹ wo bí ẹ ṣe rí!" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrù ti kún. Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti ń wá lọ́wọ́ òfo, láìgbé rédíò dání, títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́yẹ́ èṣí.

Níbi sàréè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀. Mọ́nsúrù sún mọ́ etí kòtò, ó fi gbogbo agbára ké: "Tíṣà! Ó dìgbóṣe o! Ẹ ṣeun o!" Àlùfáà fò sókè, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fà á sẹ́yìn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, kó tún un sọ," ni Susannah, ọmọ Tíṣà, wí, ó ń sunkún. "Àwa ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ tó."

Mọ́nsúrù sì tún un sọ.