Mubarakah Onílàálì àti Ọlọ́pàá Tó Ní Kí Ìyá Rẹ̀ Dákẹ́

A ti sin Mubarakah. Lọ́jọ́ Àlàmísì la sin ín, lẹ́yìn tí òkú rẹ̀ ti rìnrìn àjò ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ rìn láyé lọ, láti mọ́ṣúárì kan sí òmíràn, torí àwọn tó wà nídìí ẹ̀ ò tíì mọ ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i. Àwa tá a tẹ̀lé e dé sàréè ò pọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ orúkọ ọmọ yìí lẹ́nu láti Ìkòtún dé Abúlé Ẹ̀gbá, á rò pé títì ò ní gbà wá. Títì gbà wá. Ààyè tiẹ̀ ṣẹ́kù fún ewúrẹ́ láti kọjá.

Ó ti rẹ̀ mí o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ariwo lẹ fẹ́, ẹ lọ sórí WhatsApp, wọ́n ń há a fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ làálì ni Mubarakah ń ṣe. Kóńténà kékeré tó ń lò fara kan ibi tí mo ti ń lẹ táyà ní Igando. Bó bá rí àwòrán tuntun, ọwọ́ òsì ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà á sí, á wá na ọwọ́ náà sí mi, á ní, “Bọ̀dá, ṣé ó dùn ún wò?” Kí lèmi mọ̀ nínú ìyẹn? Èmi tó jẹ́ pé gíríìsì ni làálì tèmi. Mo máa ń sọ fún un pé ó jọ ẹsẹ̀ adìyẹ tó gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan ó fi èyí tó ṣẹ́kù nínú làálì dúdú ya òdòdó sára jáàkì mi, yípo yípo. Àwọn oníbàárà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jí jáàkì gbogbo fọkanáísà tó wà lójú títì yẹn, wọn ò jí tèmi. Olè wo ló máa gbé jáàkì olódòdó kiri?

Tí ìyàwó bá ti jókòó síwájú rẹ̀, ọmọ yìí á di ìyá fún un. Á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́wọ́. Tébi bá ń pa ìyàwó, tí làálì ò tíì gbẹ, á fi ṣíbí bu ìrẹsì sí i lẹ́nu, á ní kó jẹun dáadáa, torí láti ọ̀la lọ òun ló máa máa fún èèyàn jẹ.

Ẹ wá fetí sí èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ìyàwó tó fẹ́ lé làálì kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé ló máa ń wà, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Onílàálì ló ń gbé báàgì lọ bá a. Ilé tí kò dé rí, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, torí pé ẹnì kan pè é pé ìyàwó wà nílé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè pé kí ló lọ ṣe nílé ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ yín. Ta ló lé e fún yín nígbà tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó? Ṣé ẹ̀yin lẹ lọ bá a, àbí òun ló wá bá yín?

Fóònù Mubarakah ti kú lọ́jọ́ náà, iná ò sí. Ṣùgbọ́n ó ti kọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ sára kóńténà, torí náà fóònù ìyá rẹ̀, Ràbíátù, ni ọkùnrin yẹn pè. Ó ní àbúrò òun obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, Egan làwọn wà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣe sàlámà. Ràbíátù gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ gbé báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Kì í ṣe òru, kì í ṣe ilé ọtí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò tíì dé, ìyá rẹ̀ gba tẹ́ṣàn lọ. Mi ò ní dárúkọ tẹ́ṣàn o, torí mo ṣì fẹ́ máa lẹ táyà. Bí Ràbíátù ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi ni mo fi ń sọ ọ́, kò sì yí ẹnu pa dà rí. Ọlọ́pàá tó wà ní kọ́ńtà bi í pé ọmọ náà ti tó ẹni ọdún mélòó. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti tó ilé ọkọ, ó gbé báírò sílẹ̀. Ọlọ́pàá kejì wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà, òun ní ọmọ tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ kì í sọnù, ṣe ló máa ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ràbíátù ní nọ́ńbà ẹni tó pè é wà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n bá òun wá a. Ti kọ́ńtà ní ìyẹn ò le, kó pe nọ́ńbà náà níbẹ̀, kó fi sí lausípíkà kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó pè é. Ọkùnrin náà sì gbé e.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ó ti ṣe é tán láti àná, ó dára gan-an ni, gbogbo ilé ló ń yìn ín. Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀.”

“Àmín, ọmọ mi,” ni Ràbíátù dá a lóhùn. “Ẹ ṣé o. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìyàwó bímọ.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún un. Ọlọ́pàá méjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́, ọ̀kan ń bó ẹ̀pà.

Ti kọ́ńtà wá bi í bóyá ọmọ náà ti ní àfẹ́sọ́nà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ̀mí-n-mọ̀ ò tiẹ̀ pẹ́ mọ́. “Tóò, Màmá, ẹ lọ sílé kẹ́ ẹ dákẹ́,” ni ọlọ́pàá náà wí. “Táwọn àna yín bá gbọ́ pé ó sùn síta, ó parí nìyẹn. Tó bá dé, ẹ bá a wí.”

Ẹ ò rí i pé ọlọ́pàá yẹn gbọ́n. Kò mọ iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwa. Ó mọ̀ pé ìyá Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé ọkọ, ó lè gbé iná mì káwọn àna má baà rí èéfín. Ràbíátù sì gbé e mì. Ó sọ fún gbogbo wa pé Mubarakah lọ lé làálì fún ìbátan wọn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ ọ́ fún Abdulganiyy tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, ọmọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé gíláàsì. Ó sọ ọ́ fún èmi náà, mo ní kó bá mi kí i. Mọ́sálásí wa ń fi ẹ̀rọ kéde ewúrẹ́ tó sọnù, ó ń kéde kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, Ràbíátù ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó sì di ẹnu mọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ẹ má sì rò pé Mubarakah ni àkọ́kọ́. Fọláṣadé wà níwájú rẹ̀, èyí tó ń kun ojú fún ìyàwó ní Dopemu. Ìpè kan náà ni, àbúrò kan náà tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọkọ rẹ̀, Olúwadọ̀tun, lọ sọ ní tẹ́ṣàn mìíràn, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ti rí ẹni tó sàn jù ú lọ. Tẹ́ṣàn méjèèjì yẹn, kẹ̀kẹ́ kan lèèyàn máa wọ̀ láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ti bi èkejì pé, “Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ nípa ìyàwó kan tó ń pe àwọn oníṣẹ́ wálé ṣáá, tí kì í lọ sílé ọkọ?”, ṣé a máa wà níbi tá a wà yìí?

Kì í ṣe àwọn ló padà mú ọkùnrin náà. Àmínát, ẹni tó ń wé gèlè fún ìyàwó, tóun náà gba irú ìpè yẹn, ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó já sí títì Egan láìwọ bàtà, ó kígbe, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ya bo ilé náà. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá òkú àwọn yòókù. Làálì ọwọ́ òsì ni Ràbíátù fi dá ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, adájọ́ ò tíì sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ọkùnrin náà. Àdúgbò ò nílò adájọ́ ní tiwọn. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ó ń pa wọ́n fún owó. Nígbà tó máa fi di Jímọ̀, ó ti ní ilé ní Dubai, òun tí wọ́n bá nínú yàrá kan tí kò ní síìlì. Wọ́n wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀, Susanna, tó ti kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́, tó ń ta mọ́ínmọ́ín jẹun. Wọ́n ní ẹ wo nǹkan tó ń fi sínú mọ́ínmọ́ín. Àwọn tó ti jẹ ẹ́ títí tí wọ́n fi sanra bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo pupa. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, òun kàn ń ṣọ́ra ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò ní àwọn ń lọ dáná sun ṣọ́ọ̀bù Susanna, wọ́n wá pe Ràbíátù kó ṣáájú, nítorí òun ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, kò tiẹ̀ dìde.

“Èmi bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, mo pè é lọ́mọ mi,” ló sọ fún wọn. “Èmi ò mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ rò pé ìyàwó ẹ̀ mọ̀? Ẹ lọ sílé jàre.”

Wọ́n lọ. Inú wọn ò dùn sí i. Àfi bíi pé ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Kò pẹ́ ni ẹnì kan tó ń gbé ìròyìn sórí Facebook, tí kò mọ Igando yàtọ̀ sí Ìdímù, wá gbé tirẹ̀ jáde. Ó ní nọ́ńbà ìyá ọ̀kan nínú àwọn òkú wà nínú fóònù apààyàn náà. Ó ní wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti wọ ilé yẹn, ìyá tiẹ̀ dúpẹ́. Ó ní ìyá yìí kan náà ló ń parọ́ kiri pé Ògbómọ̀ṣọ́ lọmọ lọ. Ẹ wò ó, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n yọ kúrò láàárín ẹ̀, bí ẹni yọ egungun ẹja.

Ni àwọn ọlọ́pàá bá wá mú Ràbíátù. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi pe apààyàn. Ó ní ẹni yín ló ní kí n pè é. Wọ́n ní ẹni wa wo? Ti kọ́ńtà, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Ti ẹlẹ́pà ní òun ò rántí. Ó rántí láti máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ṣá. Wọ́n padà tú ìyá náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn ni wọ́n kàn ṣí fún un.

Nígbà tí òkú wá délé, ó ku ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin àsàlátù ló ń wẹ òkú obìnrin. Wàsílátù ni olórí wọn, ìyá tó le, tó mọ ẹ̀sìn. Ó ránṣẹ́ pé àwọn ò ní lè wá, kí ọ̀rọ̀ má baà ta bá àwọn. Mubarakah yìí ló lé làálì fún àwọn ọmọ Wàsílátù, ó fi ṣíbí fún wọn ní ìrẹsì jẹ. Mi ò bú Wàsílátù. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ràbíátù fúnra rẹ̀ ló wẹ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá a bu omi ni Àmínát, èyí tó sá jáde lọ́jọ́sí, tí báńdéèjì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ òsì, Ràbíátù ò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án.

Abdulganiyy ló wọnú sàréè gba òkú náà sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó jáde, tí iyẹ̀pẹ̀ bo aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Ràbíátù. “Mọ́mì, ẹ ò bá sọ fún mi,” ló wí. “Ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi wá a.” Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá, mi ò ní kí ẹ jí òkú. Mi ò tiẹ̀ ní kí ẹ mọ iṣẹ́ yín lọ́dún yìí. Ẹ kàn bá wa wá ọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà yẹn. Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ, ẹ mọ ibi tó wà. Kó mú ẹlẹ́pà dání, kí wọ́n wá sí mọ́sálásí wa ní Igando lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú Wàsílátù àti gbogbo àwọn àsàlátù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ní kí Ràbíátù pe apààyàn, òun lòun gbọ́ ohùn rẹ̀ tóun ò dìde, òun lòun ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà kó gba kóòtù lọ, kó tún un sọ fún adájọ́, kí Olúwadọ̀tun wà níbẹ̀ kó gbọ́. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá a ṣì lè pè é lọ́lọ́pàá.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má pe Ràbíátù tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Kì í gbé fóònù mọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín wá.