Ìyá Rélùwéè àti Àdúrà Tó Kù Sórí Afárá

Ládùúgbò wa, bí ọkọ bá fẹ́ jowú, ọkùnrin mìíràn ni yóò torí rẹ̀ jowú. Ọkọ Ìyá Rélùwéè ò rí ọkùnrin kankan dárúkọ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń ká mọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Aago ni bàbá náà ń tún ṣe, onísùúrù sì ni, nítorí ẹni tó ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín ṣa eyín aago látàárọ̀ kò lè má ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ sétí gbogbo wa pé bí òun bá kú, kí a má wulẹ̀ béèrè ohun tó pa òun, kí a kàn lọ mú ẹ́ńjìnnì.

Aránṣọ ni Ìyá Rélùwéè. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ojú irin, ọgbà wáyà kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Nígbà tó kọ́kọ́ gba yàrá náà, èpè ló máa ń ṣẹ́ fún rélùwéè, torí bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, ilẹ̀ á mì, ẹ̀rọ ìránṣọ á mì, abẹ́rẹ́ á sì yà kúrò lójú ìlà. Àwọn kan wà ládùúgbò yìí tí ìlà ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn ṣì rí bí ipa ejò tó mutí yó títí dòní. Àfi lọ́jọ́ kan tó gbójú sókè kó lè ṣépè náà dáadáa. Ó rí ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ nínú kùrukùru òwúrọ̀, omi ìrì ń dán lára rẹ̀, ó bá gbàgbé èpè. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ránṣọ, ohun kan ṣoṣo tó tíì gba iwájú òun kọjá tí kò sọ pé ọrùn ẹ̀wù há òun nìyẹn.

Bó ṣe di oníkámẹ́rà nìyẹn. Kì í ṣe fóònù o. Ó ní fóònù mọ ojú èèyàn yà, kò mọ ojú irin. Kámẹ́rà àtijọ́ onífíìmù ló rà lọ́wọ́ ayàwòrán kan tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí àwòrán ẹ́ńjìnnì fi gba gbogbo ògiri, débi pé ẹni tó bá wá wọn ẹ̀wù ìgbéyàwó, àárín ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló máa nà dúró sí. Gbogbo wọn ló sọ lórúkọ. Ààyò rẹ̀ nínú wọn ni arúgbó aláwọ̀ ìyeyè kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra, tó máa ń wúkọ́ bó bá fẹ́ dúró, tó sì máa ń wúkọ́ láàárín méjèèjì. Bàbá Oníkọ́ ló ń pè é. Ó ti yà á lápá ọ̀tún, ó ti yà á lápá òsì, ó tilẹ̀ ti yà á nídìí. Ojú rẹ̀ gan-an ni kò tíì rí yà, torí ẹni tó bá máa ya ojú ọkọ̀ ojú irin, àfi kó bọ́ síwájú rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ojú irin sì rèé, ilẹ̀ rélùwéè ni.

Ilẹ̀ rélùwéè ní ẹ̀ṣọ́. Ọkùnrin náà tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù ìkáṣọsí. Bó bá wọ yàrá, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló máa jáde. Má-Dúró là ń pè é, torí gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ fún ọmọdé, fún àgbà àti fún ewúrẹ́: má dúró síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ó ti sọ ọ́ fún aago ògiri kan rí, aago náà ò sì dúró mọ́ títí dòní. Ọkọ Ìyá Rélùwéè ní irọ́ ni, òun lòun pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

Ìyàwó Má-Dúró, oníbàárà Ìyá Rélùwéè ni. Oyún tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà pípẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Oyún ń tóbi, ẹ̀wù ń kéré, ẹ̀wù kan náà ni Ìyá Rélùwéè sì ń tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tún ń fẹ̀, títí ẹ̀wù náà fi gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ níbi ihò kan tí ewúrẹ́ dá sára ọgbà wáyà. Ìyá Rélùwéè ní ibi tí ewúrẹ́ bá gbà, aránṣọ lè gbà á. Kò rántí pé ewúrẹ́ kì í ní ìdí bí tòun. Orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti kámẹ́rà bọ́ sórí ilẹ̀ rélùwéè. Ìyókù há sí ẹ̀yìn. Má-Dúró dé, ó ní òun mú un. Ìyá ní apá ibo lo mú, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ará ìlú ni ìdí òun wà? Má-Dúró rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní apá tó wà lọ́dọ̀ òun lòun mú. Ó fà á yọ, ó kí i kú ewu, ó sì mú un lọ síwájú ọ̀gá ibùdó.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdó kún fún fáìlì tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá Rélùwéè rojọ́ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sílé ẹjọ́. Ó ní ilẹ̀ ìjọba ni, ìjọba sì jẹ́ ti gbogbo wa. Òun ń sanwó orí, nítorí náà, bó ti wù kó kéré mọ, ó yẹ kí ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan nínú ilẹ̀ yẹn jẹ́ tòun. Kí wọ́n fi í han òun, ibẹ̀ lòun máa dúró sí, òun ò ní tẹ ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gá ibùdó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Màdáàmù, torí pé ti gbogbo èèyàn ni, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ débẹ̀.”

Ó wá pàṣẹ pé bí wọ́n bá tún bá a nídìí ohun tó jẹ́ ti rélùwéè, kámẹ́rà náà ti di ti rélùwéè.

Ibi tó kù ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí ojú irin kọjá. Ẹsẹ̀ afárá náà wà lórí ilẹ̀ rélùwéè lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀, ti ará ìlú ni. Ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀, ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló máa wò kòrókòró. Ìyá Rélùwéè gun orí rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀gá ibùdó ti gbé pátákó síbẹ̀: AFÁRÁ YÌÍ WÀ FÚN ÌKỌJÁ. ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ DÚRÓ.

Ó gbà. Kò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbín tó bá a gun afárá láàárọ̀ ti dé òdìkejì, ó ti kọ́lé, ó ti ní ọmọ-ọmọ, Ìyá Rélùwéè ò tíì dé àárín. Má-Dúró ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ wà lára bàtà Ìyá bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin tó fẹ́ pa. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tó ń rìn kò lè ya ohun tó ń sáré. Gbogbo ọkọ̀ tó yà ló jáde bí ọṣẹ tó yọ́ sínú omi. Ó fi ọ̀kan han ọkọ rẹ̀. Bàbá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ẹja náà mà tóbi o.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ ojú irin fi gbé yúnífọ́ọ̀mù wá pé kí Ìyá bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀, ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Bàbá Oníkọ́ máa rìn kẹ́yìn. Tó bá ti débi tó ń lọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tà á bí àlòkù irin.

Abẹ́rẹ́ gún Ìyá Rélùwéè lọ́wọ́. Lálẹ́, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀: bí òun bá rìn, ẹja lòun máa yà, bí òun bá dúró, wọ́n á gba kámẹ́rà, bí òun bá jókòó sílé, ojú Bàbá Oníkọ́ á di ìkòkò àti ìṣó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i rí. Gbogbo wa la rò pé bàbá máa ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe é. Ó mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ń nu inú aago, ó sì nu ojú kámẹ́rà náà títí tó fi ń dán.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ìyá Rélùwéè gun afárá, ó rìn dé àárín, ó sì dúró. Nísàlẹ̀, ọ̀gá ibùdó wà níbi tí èrò ti ń wọkọ̀, fèrè rẹ̀ wà lẹ́nu. Má-Dúró sáré dé.

“Màmá, ẹ má dúró.”

“Ìwọ náà dúró.”

“Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, Màmá.”

“Ta ló ní eré lò ń ṣe?”

Má-Dúró kọ ẹ̀yìn sí ojú irin, ó bọ́ síwájú rẹ̀. Ojú irin pòórá. Ibùdó pòórá. Ìdajì ojú ọ̀run pòórá. Ó na ọwọ́ gba kámẹ́rà, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí òun fi ipá gbà á. Lọ́nà jíjìn, ohun kan wúkọ́.

Ìyá Rélùwéè wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó nà án.

“Ó dáa, ọmọ mi. N ó fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàdúrà fún ọ.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èèyàn lè sá fún ọlọ́pàá, ó lè sá fún àna rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a fi ń sá fún àdúrà àgbàlagbà, wọn ò tíì dá a mọ́ ẹnikẹ́ni. Má-Dúró ṣí fìlà. Ó dijú. Ó tẹ orí ba, ó tẹ èjìká ba, ó tẹ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ba, ojú irin sì tún yọ lókè ẹ̀yìn rẹ̀.

“Iṣẹ́ tó o fi ń jẹun, kò ní fi ọ́ jẹ.”

“Àmín.”

“Ibi tó o bá dúró sí, ilẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.”

“Àmín, Màmá.”

“Àwọn tó ń wá ìṣubú rẹ, wọ́n á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní rí i.”

“Àmín o.”

“Ìyàwó rẹ tó wà nílé, lọ́jọ́ tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bá dé, yóò…”

Bàbá Oníkọ́ yọ. Ó ń bọ̀ tààrà, oòrùn wà lójú rẹ̀, ó ń wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kámẹ́rà dún. Ìyá Rélùwéè yí padà, ó sáré lọ sápá kejì afárá kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi wọ kọ́nà. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sọ kámẹ́rà sínú àpò, ó gba àtẹ̀gùn kejì sọ̀ kalẹ̀. Ó gbàgbé pátápátá pé òun ti fi ìyàwó oníyàwó sílẹ̀ sórí ìkúnlẹ̀ lórí afárá.

Má-Dúró ṣì dijú.

“Yóò kí ni, Màmá?”

Fèrè ọ̀gá ibùdó ló dá a lóhùn.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé ikùn. “Yóò kí ni?” Má-Dúró ní wọn ò sọ ọ́ tán. Ìyàwó béèrè bóyá ó mọ iye nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́. Ó ní àdúrà kì í ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń rà ní ààbọ̀. Kó lọ bá òun gba ìyókù wá, kó má sì padà sílé láìgbà á.

Bó ṣe di pé ilẹ̀ mọ́ tí Má-Dúró fẹ̀gbẹ́ wọlé sínú yàrá ìránṣọ nìyẹn. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yí i ká lórí ògiri bí àwọn ẹlẹ́rìí. Kò béèrè kámẹ́rà. Ó ní òun wá nítorí “yóò” yẹn.

Ìyá Rélùwéè bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Àṣé lóòótọ́ ló fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀! Ó ti la ẹnu láti parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tó rántí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tuntun kan tó ń kọjá láàárọ̀, tí òun ò tíì mọ ojú rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ibi tí òwú bá ti já lára aṣọ, ibẹ̀ náà ni aránṣọ ti ń so ó. Orí afárá ni tìrẹ ti já.”

Má-Dúró fúnra rẹ̀ ló lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá ibùdó. Ọ̀gá kọ́kọ́ ní òfin ni òfin. Lẹ́yìn náà ló wá ro bí ìtàn náà ṣe máa rí bí nǹkan kan bá ṣe aláboyún yẹn: pé ọ̀gá ibùdó kan wà tó fi pátákó dínà àdúrà. Ó ro orúkọ tí àdúgbò wa máa fún un. Ó dìde, ó tẹ̀ lé wọn gun afárá, ó sì ṣí fìlà tirẹ̀ náà.

Ìyá Rélùwéè dúró títí ọkọ̀ akẹ́rù tuntun náà fi fọn fèrè, ó wá tẹ̀ síwájú láti ibi tó ti dá a dúró gan-an.

“Yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, yóò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.”

Àmín àwọn ọkùnrin méjèèjì àti ìró kámẹ́rà bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ni.

Ọmọ náà dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní bó ṣe ń ké, ibùdó mẹ́ta ló gbọ́ ọ, èrò kan sì ti gbé ẹrù rẹ̀ láti wọkọ̀. Ọ̀gá ibùdó ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátákó náà: ÀFI FÚN ÀDÚRÀ. Látìgbà náà, àdúgbò wa ti di àdúgbò olùfọkànsìn. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, ẹ ó rí èèyàn tó tò sórí afárá, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún ara wọn pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀ rekete. Má-Dúró ló sì ń tò wọ́n, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù, Bàbá Oníkọ́ jáde kedere, títí dé ibi tí ọ̀dà ti bó nímú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, ẹ̀yìn ńlá kan wà tó tẹ̀ ba bí òkè kékeré, tí ẹni tí kò bá mọ̀ máa rò pé ẹ̀ṣọ́ rélùwéè ń kí ẹ́ńjìnnì pé ó dàárọ̀. Má-Dúró bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n gé òun kúrò. Ìyá ní òun kì í gé aṣọ tó bá ti bá ara mu.

Ibi tí oníbàárà ti ń wọn ẹ̀wù ló gbé e kọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó fi gíláàsì tó fi ń wo inú aago sójú, ó sún mọ́ ọn, ó wo ojú orogún rẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún.

Ó ní, “Ọkùnrin náà mà rẹwà ṣá.”