Àlùmọ́gàjí Ẹnu Àbúrò Mi

Ẹ wá wo àbúrò mi o! Ọwọ́ ẹ̀ dáa nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àlùmọ́gàjí wà nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, síbẹ̀ eyín ló fi ń gé òwú. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń ránṣọ, mo ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ wo wá ni eyín ń ṣe?”

Nígbà tó lóyún, súìtì di ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní súìtì ló ń bá òun lé èébì lọ. Láti àárọ̀ dalẹ́, súìtì ò kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, erìgì ẹ̀ ti wú. Lọ́jọ́ kan, ó fi eyín gé òwú lára aṣọ funfun báyìí, ẹ̀jẹ̀ kán sí i.

“Abẹ́rẹ́ ló gún mi.”

Abẹ́rẹ́ wo ló ń gún èèyàn lẹ́nu? Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo rí i tó mú àlùmọ́gàjí láti gé òwú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Mo ní ká lọ rí dókítà eyín. Ó bú sẹ́kún.

“Oníbàárà kan ní abẹ́rẹ́ eyín máa ń ba oyún jẹ́. Oyún ti bàjẹ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi. Kí eyín máa dùn mí, kí ọmọ ṣáà dúró.”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an, inú sì bí mi sí oníbàárà ọ̀hún. Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà obìnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú súìtì, ohun kíkan tí wọ́n ń tu jáde ló sì ń gbẹ́ ihò sí eyín. Oyún náà máa ń jẹ́ kí erìgì tètè wú. Ó ní abẹ́rẹ́ tóun máa fi pa ìrora ò ní pa ọmọ lára.

Síbẹ̀, nígbà tó ní kó la ẹnu, àbúrò mi pa á dé gbọin.

Dókítà bi í pé, “Ìyá wa, kí lẹ jẹ láàárọ̀?”

“Omi ni mo mu.”

“Lánàá ńkọ́?”

“Omi… àti súìtì. Mi ò lè fi eyín jẹ nǹkan.”

“Ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kó dúró yìí, kí lòun wá ń jẹ?”

Àbúrò mi wo ikùn ẹ̀ títí. Dókítà ò tíì wọ ìbọ̀wọ́ tán tí àbúrò mi fi la ẹnu.