Ibi Tí Ojúọlápé Ti Jẹ Waakye

Ta ló tó sọ fún Sàbírátù pé kó rọra? Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Race Course, ní Ghana. Ẹni tó bá ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá, yóò gbọ́ Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́, yóò gbọ́ Háúsá, yóò tún gbọ́ Twi lé e. Àmọ́ nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn pupa sí i lára ní ọsibítù, ẹnu yẹn wọlẹ̀. Irun rẹ̀ re. Oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀. Orí ìka rẹ̀ kú, abọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kejì, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní àdúgbò Aboabo, ó ní òun ò lọ mọ́. Lúkmàn, ọmọ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá kọtí ikún.

Àṣé Zàhràh, ọmọ Lúkmàn, ń gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Twi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, àmọ́ ìfẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ kọjá sísọ lọ́kàn rẹ̀. Ó yọ ìwé ìtàn Yorùbá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya nínú àpótí bàbá àgbà, ó sì ń kà á fún un. Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé ni. Ẹbí ọkọ lé e jáde, ó wá ń fẹsẹ̀ rìn kiri wá ọmọ rẹ̀. Nígbà tó dé etí odò tí kò sí afárá, Zàhràh pa ìwé dé.

"Ìyókù di ọsibítù, Màmá."

"Ìwọ ọmọ yìí! Èmi lo fẹ́ fi ìtàn so lókùn bí ewúrẹ́?"

"Aane, Màmá," ni Zàhràh fi Twi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Sàbírátù lọ. Kì í ṣe nítorí dókítà o. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ojúọlápé gòkè odò ni.

Kéwú ni Sàbírátù mọ̀, kò mọ a-bí-dí. Zàhràh mọ a-bí-dí, àmọ́ Twi ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ Twi kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan, níbi tí oògùn ti ń kán wọ ìyá lára, ó kà á pé ebi pa Ojúọlápé, ó sì jẹ Èkó mẹ́ta.

Sàbírátù dìde jókòó. "Ó jẹ kí ni?"

"Èkó. Mẹ́ta."

"Tòun ti ọ̀sà inú ẹ̀?" Ẹ̀rín pa ìyá débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé oògùn ti gbòdì. "Ẹ̀kọ ni, ọmọ mi!" Ó bẹjú wo ojú ìwé. "Àmì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá, mo rò pé eṣinṣin ló su sí i."

"Lá iláha illallah! Ní kéwú, àmì tóótó lásán ló ya lẹ́tà bàá sọ́tọ̀ kúrò lára tàá. Má fojú di àmì mọ́ láé."

Bí Zàhràh ṣe ń fojú kà á nìyẹn, tí Sàbírátù ń fetí tún un ṣe. Ìyá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tó kú yẹn ya lẹ́tà sórí aṣọ ibùsùn. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi ń retí ọjọ́ oògùn. Ẹ gbà mí, ta ní ń retí ọjọ́ oògùn?

Àmọ́ bí ìwé bá tán, oògùn yóò ṣì ku ẹyọ kan. Sàbírátù wá là á mọ́lẹ̀ pé, "Ibi tí ìwé yìí bá parí sí, ibẹ̀ lèmi náà máa parí oògùn sí." Ojú Lúkmàn rọ. Zàhràh lọ yọ́ ìparí ìwé wò. Àìsàn ló pa Ojúọlápé.

Lọ́jọ́ oògùn tó ṣáájú ti ìkẹyìn, tí wọ́n máa kà á tán, ọmọ náà ń kà á lọ wọ́ọ́rọ́: "Ojúọlápé dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan." Ó gbójú kúrò lórí ìwé. "Ṣùgbọ́n ó dìde. Ara ẹ̀ wá yá paa. Ó ra waakye, ó jẹ ẹ́ yó, ó wá wọ trotro lọ sílé ọmọ ẹ̀."

Sàbírátù tẹjú mọ́ ọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kẹ̀kẹ́ lásán Ojúọlápé ò gùn ún rí, ilẹ̀ Yorùbá ló sì wà, kò tíì dé Ghana tí wọ́n ti ń jẹ waakye, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, tí wọ́n sì ń wọ trotro, ọkọ̀ akérò.

"Zàhràh, ta ló se waakye fún un?"

Ọmọ bú sẹ́kún.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ó kà á. Ojúọlápé kú kí ọmọ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sàbírátù sunkún, kò fi pa mọ́. Ó dùn ún bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ló kú. Ìgbà tó ṣe, ó fi etí híjáàbù nu ojú. Inú ló wá ń bí i.

"Obìnrin rìn tó báyẹn, wọ́n wá jẹ́ kó kú sójú ọ̀nà? Mi ò gbà! Mú bírò wá."

Ó fi gbogbo ọwọ́ di bírò mú bí ọmọ odó. Zàhràh ń pe lẹ́tà, ìyá ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, gádagàda bí ẹsẹ̀ adìẹ: *Ó dìde. Ó jẹ waakye.* Oògùn kán tán kó tó kọ ọ́ tán.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn ìkẹyìn pé, Lúkmàn wọlé tòun ti ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Ó bá ìyá rẹ̀ tó ti múra tán, tó wà lórí ìdúró.

"Màmá, ṣebí ẹ ní tí ìwé bá ti parí..."

"Mo ní bẹ́ẹ̀," ni Sàbírátù wí. "Ṣùgbọ́n Ojúọlápé ò ní ọmọ-ọmọ tó lè purọ́ nítorí ẹ̀. Èmi ní. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."