Igi Kajú Lórí Ilẹ̀ Àyálò

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbàdúrà sókè débi pé àwọn adìẹ aládùúgbò á bọ́ sílẹ̀ lórí igi kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manigri nígbà yẹn, mo sì ka ara mi sí ọ̀gágun. "Kí ìjọba rẹ dé" ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àdúrà. Bí mo bá ti débẹ̀, ohùn mi á ga bí ẹni pé ìjọba náà ti dúró sí Pénéssoulou, ìlú tó wà nítòsí wa, tó ń retí kí n pè é wọlé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó lè ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú oko mi.

Oko ọ̀hún kì í ṣe tèmi. Bàbá àgbà kan, Mùsùlùmí, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló yá mi nílẹ̀ lọ́nà Bassila kí n máa gbin iṣu. Kò gbà ju iṣu tuntun díẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún. Gbogbo wa la sì mọ òfin ilẹ̀ àyálò: gbin iṣu, gbin àgbàdo, gbin ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n má gbin igi. Iṣu á kúrò nílẹ̀ bí ọdún bá yí po. Igi ò ní lọ mọ́, lọ́la, àwọn ọmọ ẹni tó gbìn ín á máa pe ilẹ̀ náà ní tiwọn. Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ títí, kò wọ̀ mí létí. Lọ́dún tí mo rí i tí àwọn oníkajú ń fi páànù tuntun bo ilé, èmi náà ri kóró kajú sáàárín ebè, mo sì jẹ́ kí ewé iṣu bò wọ́n. Mo tilẹ̀ gbàdúrà lé wọn lórí! Mo ní ilẹ̀ ìlérí ni Ọlọ́run ń fún mi. Bàbá ò kúkú lè rìn dé oko mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Parakou.

Nígbà tí ìyàwó mi wá bá mi wa iṣu, àwọn igi náà ti tó orúnkún. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá ìbejì, ìjọba ta lẹ ń tọrọ láràárọ̀? Ti Ọlọ́run ni, àbí tiyín?"

Inú bí mi, mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àdúrà, ẹnu mi kọ̀, àwọn ará sì ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá jẹ́wọ́, bàbá lè gba ilẹ̀ rẹ̀, kí làwọn ìbejì á wá jẹ?

Mo bá lọ sóko, mo hu gbogbo wọn tán, mo dì wọ́n ní ìdì kan, mo sì gbé wọn lọ bá bàbá náà lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo dalẹ̀ yín."

Ó wo ìdì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí oko wọn wà nítòsí ti sọ fún mi látìgbà tí kajú yìí ti yọ ewé méjì. Àwọn ọmọ mi ní kí n lé ọ. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ẹni tó ń pe Ọlọ́run sókè tó báyẹn, bó pẹ́ bó yá, Ọlọ́run á dá a lóhùn. Máa lọ wa iṣu rẹ, ọmọ mi."

Bàbá ti kú báyìí. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni mo ṣì ti ń gbin iṣu, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí n má lọ. Àdúrà mi ò pariwo mọ́. Nígbà mìíràn àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí bóyá mo gbà lóòótọ́ pé ìjọba Ọlọ́run ń bọ̀. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ó ti dé bá mi rí, lọ́sàn-án gangan, lọ́nà Bassila, ọwọ́ mi méjèèjì ló sì fi hu kajú.