Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Ọ̀tunla Fi Kún Oyún Rẹ̀

Àwọn oníbàárà ló sọ aránṣọ yìí ní Ọ̀tunla, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Bí o bá bi í pé ìgbà wo ni aṣọ máa yọ, á gbójú sókè nídìí máṣíìnì, á fi eyín já òwú, á ní, "Ẹ wá ní ọ̀tunla." Kò purọ́ o. Ọ̀tunla kọ̀ọ̀kan ló kàn ní ọ̀tunla tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ọ̀hún bá yọ tán, ẹni tó bínú wá á rẹ́rìn-ín lọ, torí ọwọ́ obìnrin náà mọ́.

Oyún ọmọ kẹta ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ. Òun ló tọ́ àbúrò yìí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ọmọbìnrin náà ní òun ò ní wọ aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n rà lọ́jà, àfi èyí tí ẹ̀gbọ́n òun bá rán. Ọ̀tunla wá búra nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá já gbogbo ayé kulẹ̀, òun ò ní já èyí kulẹ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó jókòó níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí aṣọ tirẹ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀tunla. Ó bi í léèrè ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, ó ṣírò ó, ó ní ọmọ máa dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó.

"Ẹ tún un wò, mà," ni Ọ̀tunla wí. "Bàbá wọn ò sí nílé nígbà yẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ kó tó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù rẹ̀ dé. Mo mọ alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa."

"Mi ò ní kí o ròyìn alẹ́ fún mi." Àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ò mọ ọjọ́ tí oyún dúró. Nǹkan oṣù ni wọ́n mọ̀, ibẹ̀ la ti ń ka ogójì ọ̀sẹ̀."

"Ẹ wá ń ka ọ̀sẹ̀ méjì tí ò sí nǹkan kan nínú mi mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ńkọ́, ọjọ́ wo lo ti ń ka aṣọ tèmi? Ọjọ́ tí mo gbé e wá, àbí ọjọ́ tí o gé e?"

"Ọjọ́ tí mo bá gé e ni, mà."

"O ò sì tíì gé e."

"Ìyẹn ni ò jẹ́ kó tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá jẹ́ látọjọ́ tí ọkọ rẹ dé lo fẹ́ kà, méjìdínlógójì ni kí o kà. Ibì kan náà la máa bára wa."

Ogójì nìkan ló dúró sétí Ọ̀tunla. Ó kà á láti alẹ́ tí ọkọ rẹ̀ dé, ọmọ sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ikùn ń ga, aṣọ funfun ìgbéyàwó ń sùn nínú àpò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò wá wọ aṣọ wò, ó bá a láìgé, bí wọ́n ṣe rà á. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò nọ́ọ̀sì ṣe. Bí ọmọ bá gba tiyín, ẹ óò fi ọjọ́ tó kù sinmi."

"Ta ló fẹ́ sinmi?"

"Igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àbí kí n sọ fáwọn àna mi pé kí wọ́n padà wá ní ọ̀tunla?" Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti dé ojú rẹ̀. Ọ̀tunla ò lè wò ó. Ó nawọ́ gbé àlùmọ́gàjí.

Etí ìsàlẹ̀ aṣọ ló ń fọwọ́ rán nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá kò tíì pé. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Dìde, jàre."

"Ó ku díẹ̀."

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ rí. Ọmọ yìí kì í ṣe oníbàárà."

Ó dìde, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ dání. Nílé ìwòsàn, bí ìrora bá dé, á fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bó bá lọ, á tún mú un. Nọ́ọ̀sì ò sọ̀rọ̀ ìṣirò rárá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbá etí aṣọ mú kó má kan ilẹ̀, títí òwú fi tán. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ ké.

Àbúrò wá wọ aṣọ náà wò lẹ́bàá ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Ọ̀tunla, tí ọmọ wà lọ́mú rẹ̀, ń wò ó tìyanu-tìyanu. Kò tíì parí aṣọ kankan ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ rí, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

"Yípadà," ló wí. "Èjìká yẹn. Mo lè tú u, kí n tún un rán. Ọjọ́ ṣì wà."

Àbúrò bọ́ aṣọ, ó ká a, ó tì í bọ inú àpò, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Ibo lò ń gbé e lọ?"

"Ilé mi ni. Ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ̀gbọ́n mi."