Ìjókòó Iwájú

Nígbà tí wọ́n wọ́ lọ́rì àtijọ́ yẹn dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi lọ́nà Ìjẹdẹ̀, n'Íkòròdú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ iwájú rẹ̀ tán. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn. Màmá tó ni ín ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ padà sílé lọ máa gbé. Wọ́n ní inú lọ́rì àwọn làwọn máa bá lọ, níwájú.

Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò jókòó níwájú rí ni. Wọn ò jókòó níbẹ̀ rí. Láyé ìgbà tí lọ́rì náà ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú, owó iwájú ju ti ẹ̀yìn lọ, wọn ò sì lè fi ìdí ara wọn jẹ owó yẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fowó ara wọn rà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bí mo ṣe gbaṣẹ́ nìyẹn.

Mo yọ orí lọ́rì náà, ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, mo gbé e lé dúróòmù mẹ́rin, mo gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, mo sì lu irin pẹlẹbẹ tuntun títí ó fi rí bíi ti àtijọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Íbàdàn máa ń kìlọ̀ pé ká kọ́kọ́ tákì: ká fi iná kàn án níhìn-ín lọ́hùn-ún, ká gbé ilẹ̀kùn kọ́, ká wò ó dáadáa, ká tó jó o pa, kó lẹ̀ pọ̀ pátápátá. Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi wọn àlàfo etí ilẹ̀kùn, ó sì gba ibẹ̀ kọjá yíká láìhá. Ni mo bá jó o pa, mo sì ń fọ́nnu fún gbogbo wẹ́dà àdúgbò.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá fẹ́ lọ la gbé orí lọ́rì náà padà sára ọkọ̀, a dì í ní bóòtù. Ilẹ̀kùn ò tì. Orí dúróòmù tó tẹ́jú ni mo ti wọn gbogbo nǹkan, mo gbàgbé pé ẹrù ọdún gbọọrọ ti wọ́ férémù, irin abẹ́ ọkọ̀ náà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú bí mi. Mo gbá ilẹ̀kùn náà, mo tún un gbá. Màmá ti múra tán, wọ́n jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wò mí.

“Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́,” wọ́n ní. “Tú u. Mo ti dúró ju báyìí lọ rí.”

Ojú tì mí, àmọ́ mo gé gbogbo ibi tí mo ti jó pa. Lára ọkọ̀ gan-an ni mo ti tún un tò, mo tákì ẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, kí n tó jó o. Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, Màmá gòkè, wọ́n fi ìka méjì fa ilẹ̀kùn. Ó tì, gbì. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kì í ṣe irin lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ wọn ló wa ọkọ̀, èmi wà lẹ́yìn, bóyá ilẹ̀kùn á tún fẹ́ dójú tì mí. Ní Ìtòikín, obìnrin kan tó kó àpò gààrí méjì dání dá wa dúró, ó rò pé ọkọ̀ èrò ni. Ó di ilẹ̀kùn iwájú mú, ó ní àyè fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Lóòótọ́, ó fẹ̀. Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

“Iwájú ti kún, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Lọ sẹ́yìn, ọ̀fẹ́ ni.”